Ihò Tí Ọ̀gá Akínbọ̀wálé Rí Lójú Ọ̀run

Kò sí ọ̀gá tí kò ní àléébù, ṣùgbọ́n ti Ọ̀mọ̀wé Akínbọ̀wálé ti pọ̀ ju ohun tí agbádá lè bò lọ. Òun ni Alákòóso Àgbà fún Ibùdó Ìṣọ́ Òfurufú ní Àkúrẹ́, ilé alájà kan báyìí tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé, tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án lọ. Bí ẹ bá gbọ́ bí ọkùnrin yìí ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ibẹ̀, ẹ ó rò pé òun ló ń yọ oòrùn láàárọ̀, òun náà ló sì ń gbé e wọlé nírọ̀lẹ́.

Aago mọ́kànlá ni ọ̀gá máa ń dé ibi iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á ti tò síwájú ilé. Dírẹ́bà á ṣílẹ̀kùn, ọ̀gá á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde, á ká apá agbádá sí èjìká, á wá gbójú sókè wo òfurufú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wòkè kí ó tó wò ó. Bó bá wò ó tán, á mi orí bí ẹni tó yẹ iṣẹ́ bíríkìlà wò tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Gbémiga, akọ̀wé rẹ̀, á wá kéde pé ọ̀gá ti gba òfurufú wọlé, gbogbo wọn á pàtẹ́wọ́, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ agboòrùn ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó lọ bi àwọn tó ń sun bọ́ọ̀lì ní òdìkejì títì ibẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ ibùdó náà, ọ̀gá nìkan ni kò jẹ́ kó dà bí iṣẹ́. Lókè pátápátá, níbi tí bàálù kò lè dé, oòrùn máa ń lu afẹ́fẹ́ títí yóò fi fọ́ wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí yìí a sì máa gbé iná mọ̀nàmọ́ná sára. Òkè wọn ni sátẹ́láìtì ń gbà yípo ayé. Bí sátẹ́láìtì bá ránṣẹ́ sílẹ̀, àárín wọn ni àmì náà ń là kọjá. Wọ́n á fà á sẹ́yìn díẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á mì í jìgìjìgì, pàápàá nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ìgbà bẹ́ẹ̀ ni fóònù ń sọ fún ẹni tó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ pé inú odò Àlà ló wà. Ẹ̀rọ kan tó rí bí ìdérí ìkòkò wà lórí òrùlé ibùdó náà. Òun ló ń gba àwọn àmì yìí, àwọn òṣìṣẹ́ á sì ti ara ìdádúró wọn mọ bí àwọn wẹ́wẹ́ náà ti pọ̀ tó lókè. Àwọn awakọ̀ bàálù nílò rẹ̀, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ nílò rẹ̀.

Ọdún tí à ń wí yìí le. Ọdún tí epo bẹntiróòlù gbówó lórí débi pé ẹni tó ní mọ́tò ń kí ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ń fẹsẹ̀ rìn láti àdúgbò Ijapo wá síbi iṣẹ́. Ẹni tó ń ti ìlú Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wá tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó rẹ̀, ojú sì ń tì í. Inú ìnira yìí ni ọ̀rọ̀ mìíràn ti dé. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ bùkátà ibùdó náà ránṣẹ́ pé agbára àwọn kò gbé ibùdó méjì mọ́. Ọ̀kan wà ní Àkúrẹ́, ọ̀kan kékeré sì wà nínú yàrá kan ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Oǹdó, níbi tí ẹ̀rọ ti ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní lópin ọdún, àwọn yóò wá wo iṣẹ́ méjèèjì. Èyí tó bá péye ni yóò dúró, wọn yóò ti ìkejì pa, àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò sì gba ilé wọn lọ.

Kò sí ẹni tó nílò àlàyé. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló ní ọmọ nílé ìwé, kò sì sẹ́ni tó ń gba òṣìṣẹ́ tuntun lọ́dún yẹn. Ti ọ̀gá tún wá burú jù. Ọmọ bíbí Oǹdó ni, ó sì ti sọ fún gbogbo Oǹdó pé ìkáwọ́ òun ni òfurufú Àkúrẹ́ wà. Bí wọ́n bá ti ibùdó rẹ̀ pa, títì àárín ìlú Oǹdó ni yóò máa fẹsẹ̀ rìn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló gba òfurufú lọ́wọ́ rẹ̀. Ikú sàn ju ìyẹn lọ, bó ṣe máa ń wí fún ìyàwó rẹ̀ Adéjọkẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin náà á rò pé ẹni tí irú èyí wà níwájú rẹ̀ yóò gbájú mọ́ṣẹ́. Ọjọ́ ìbí ni ọ̀gá gbájú mọ́.

Ó fẹ́ pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ọjọ́ orí tí ẹlòmíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ. Ẹ sì mọ àṣà wa. Bí ohun ayọ̀ bá dé bá ọ̀gá, àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ á ya àwòrán rẹ̀ gàdàgbà, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn bá a yọ̀, wọ́n á gbé e síta. Ẹnìkan kì í bi wọ́n bóyá inú wọn dùn lóòótọ́. Gbémiga gbé igbá kiri, àwọn tí kò rí owó ọkọ̀ san dá owó àwòrán. Wọ́n fẹ́ fi rọ́bà ṣe é bí gbogbo ayé ti ń ṣe, ọ̀gá ní afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ fa òun lójú ya. Ó ní kí wọ́n fi páànù ṣe é, kí wọ́n sì fi irin dè é. Nígbà tí páànù dé, ó ga ju ènìyàn méjì tó gun èjìká ara wọn lọ, fìlà ọ̀gá lórí rẹ̀ nìkan tó ilẹ̀kùn. Wọ́n béèrè ibi tí wọn yóò gbé e sí. Ọ̀gá ní ẹni tó ń ṣàkóso òkè kì í gbé ìsàlẹ̀, kí wọ́n gbé òun sórí òrùlé.

Agnes Kìtán ló ń bójú tó ẹ̀rọ nígbà náà. Obìnrin yìí kàwé, ó sì mọṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún òfurufú. Ó máa ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, á sì tètè dákẹ́. Ó lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní. "Páànù máa ń dí àmì tó ń bọ̀ látòkè. Ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́nu géètì. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé á ti rí yín dáadáa."

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. "Agnes," ó ní, "ojú mi yìí ló fẹ́ dí ọ̀run lọ́wọ́? Ojú tí àwọn ọba ti wò, tí wọ́n rẹ́rìn-ín? Ojú tí mo gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí mo sì gbé bọ̀ láìsí àbàwọ́n? Sátẹ́láìtì tó bá rí ojú yìí, ó yẹ kó dúró kí i ni."

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Agnes ti wà nínú ọkọ̀ Oǹdó pẹ̀lú àpò kan àti sítóòfù rẹ̀. Ọ̀gá ní kí ó lọ fi òfurufú kékeré kọ́ṣẹ́ ná, bó bá mọ̀ ọ́n tán, òun yóò fún un ní èyí tó tóbi.

Àwòrán gun orí òrùlé, ó dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó kọjú sí títì. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí sátẹ́láìtì kan bá gba apá Ìlú-Àbò, abúlé tó wà lẹ́yìn ibùdó náà, kọjá, àmì rẹ̀ á pòórá lójijì, á wá yọ lódìkejì bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Gbémiga ni wọ́n ti fi sídìí ẹ̀rọ ìṣirò rọ́pò Agnes. Nígbà tí ó ya àwòrán òfurufú tí àwọn àmì náà fi hàn, ihò funfun kan wà níbẹ̀. Igun mẹ́rin ló ní. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ Ọlọ́run díẹ̀ mọ̀ pé Elédùmarè kì í fi rúlà ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ti mọ ohun tó fa ihò náà, ẹ má wulẹ̀ díbọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ náà mọ̀. Gbémiga mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn ni Agnes ṣe wọkọ̀ Oǹdó, ta ni yóò tẹ̀ lé e? Nígbà tí Gbémiga gbé ìwé náà dé iwájú ọ̀gá, ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé nǹkan ńlá kan ti yọjú lókè, irú rẹ̀ kò sì tíì yọjú sí ọ̀gá kankan rí.

Ọ̀gá wo ihò náà pẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ títi ibùdó pa ti dé. Ta ni yóò ti ibùdó tó rí ihò lójú ọ̀run pa? Ó pe àwọn oníròyìn jọ, wọ́n sì dé, nítorí wọ́n gbọ́ pé jọ̀lọ́ọ̀fù wà.

"Ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́," ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin ọmọ Oǹdó, ẹ̀yin ìran tí a kò tíì bí. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ihò yìí ti wà, tó ń wá ẹni tí yóò rí òun. Ó wo Lọ́ńdọ̀nù, kò rí ènìyàn. Ó wo Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣeré. Ó wá wo Àkúrẹ́, ó rí mi, ó ní, 'Akínbọ̀wálé, o kú ìdúró.' Èmi náà ní kó kú ọ̀nà jíjìn."

Ó sọ ọ́ ní Ihò Akínbọ̀wálé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà, ojú ọ̀gá lápá kan, ihò lápá kejì, kò sì sẹ́ni tó rí i pé ìwọ̀n àwọn méjèèjì bára mu. Ó gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti máa ṣọ́ ihò, ó sì gbé òmíràn kalẹ̀ láti máa ṣọ́ ìgbìmọ̀. Ó pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ gba apá ọgbà tó kọjú sí Ìlú-Àbò kọjá gbọ́dọ̀ dé fìlà, kí àwọn wẹ́wẹ́ oníná má baà já bọ́ sí i lágbárí. Àwọn obìnrin ibẹ̀ dé gèlè lórí gèlè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, wọ́n fi ọjọ́ Ìsinmi kan gbàdúrà kí ihò náà má ṣe gbòòrò. Ọ̀gá bínú díẹ̀ sí àdúrà yẹn, nítorí òun fẹ́ kó gbòòrò.

Ó tilẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Ìlú-Àbò láti lọ tu àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ nínú, nítorí orí oko wọn gan-an ni ihò náà wà. Ó sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Nígbà tó dákẹ́, baba kan dìde, ó dúpẹ́ pé ó wá kí àwọn. "Uṣu wa ta dáadáa lọ́dún yìí," baba náà ní. "Bó bá jẹ́ ihò yẹn ló fà á, ẹ bá wa fẹ̀ ẹ́ sí i." Ọ̀gá sọ fún Gbémiga lójú ọ̀nà pé àwọn ará Ìlú-Àbò ti gba ti òun.

Adéjọkẹ́ nìkan ló bi í léèrè nígbà tí wọ́n ń jẹun. Ó ní, ihò wo ni kì í ṣípò padà lẹ́ẹ̀rùn, lójò, lọ́sàn-án, lálẹ́, nígbà tí gbogbo nǹkan tó kù lókè ń yí. Ọkọ rẹ̀ ní ihò tó mọ iyì ara rẹ̀ ni. Adéjọkẹ́ bu ọbẹ̀ sí i fún un.

Oṣù kejìlá pé. Ẹni tí ẹgbẹ́ onímọ̀ rán wá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlíù Ọláyíwọlá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ, nítorí aṣọ ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà lọ́jà ibẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ dé Oǹdó, Agnes sì bá a wá. Ọ̀gá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa láti géètì dé àtẹ̀gùn. Wọ́n gba òfurufú wọlé lójú àlejò, wọ́n pàtẹ́wọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n náà pàtẹ́wọ́ torí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá wá fi ìgbà tí omi fi lè hó lẹ́ẹ̀mẹta ka ìtàn Ihò Akínbọ̀wálé sí i létí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlíù gbọ́ ọ parí, ó dúpẹ́, ó sì sọ pé ìṣòro kan wà.

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí," ó ní. "Àwọn wẹ́wẹ́ tí à ń ṣọ́ yìí ga lókè débi pé ẹni tó wà ní Oǹdó àti ẹni tó wà ní Àkúrẹ́, ibì kan náà ni wọ́n ń wò. Bí ihò bá wà níbẹ̀, Oǹdó á rí i. Oǹdó ò rí nǹkan kan. Nítorí náà, yálà ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́ tàbí nǹkan kan dí i lójú. Bó bá jẹ́ pé ó ti bàjẹ́, màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a ó sì ti ibí pa lóṣù tó ń bọ̀."

Ẹni tó ti kó kúrò ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ fi ọwọ́ di ara ògiri mú. Ọ̀gá ní òfurufú Oǹdó ni kò kàwé tó. Ó ní bó bá ń ṣe wọ́n bí irọ́, kí wọ́n jẹ́ káwọn gòkè, òun yóò fi ìka òun tọ́ka sí ihò náà fún wọn. Ó ṣíwájú wọn lórí àtẹ̀gùn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò gun orí òrùlé yẹn rí láti ìgbà tí wọ́n ti fi í jọ̀gá. Wọ́n ń ti agbádá rẹ̀ lẹ́yìn bí ó ti ń gòkè.

Lórí òrùlé, ó dúró sídìí ẹ̀rọ, ó ń mí gúlegúle. Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlíù wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń darí ọ̀gá jẹ́jẹ́: kí wọ́n kọjú sí Ìlú-Àbò, kí wọ́n na ọwọ́, kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀ sí i, ó tó, ibẹ̀ ni àárín ihò. Ọ̀gá tẹ̀ lé ìka ara rẹ̀ lọ. Ìka náà dúró sí àárín imú kan. Imú náà tóbi tó àga, ẹ̀rín ńlá kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, fìlà sì wà lókè. Páànù náà ga títí, ó gba gbogbo apá ibẹ̀, kò sí òfurufú tó hàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá kò gbé ọwọ́ sílẹ̀. Gbémiga yára sọ pé ìka ọ̀gá ló wọ́, pé afẹ́fẹ́ ló tì í. Ọ̀gá bojú wẹ̀yìn wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ń wo bàtà wọn, àwọn bàtà tí wọ́n fi ń rìn wá láti Ijapo. Kò tíì wo bàtà wọn rí, ó sì rí i pé ti ẹnìkan ti lanu sílẹ̀. Ó wá yé e pé gbogbo wọn ló mọ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀, òun ni wọ́n ń bẹ̀rù débi tí wọ́n fi gbà kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ojú tì í, ojú sì tì í gan-an, irú èyí tí í mú etí gbóná. Ó rò ó wò. Bó bá sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ojú òun kò ní tì òun níwájú àlejò yìí, ibùdó nìkan ni wọn yóò tì. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ó tún wo bàtà yẹn.

"Ẹ yọ ọ́," ó ní.

Gbémiga rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ tó bá kan ojú ọ̀gá, ọwọ́ náà yóò... Ọ̀gá ní kó lọ gbé sípánà wá.

Wọ́n tú irin, wọ́n gbé páànù náà sílẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì di apá fìlà mú. Agnes sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìṣirò, gbogbo wọn sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Sátẹ́láìtì kan ń bọ̀ láti apá Ọ̀wọ̀. Ìlà rẹ̀ ń fà lọ lójú ẹ̀rọ, ó dé etí ihò, kò sẹ́ni tó mí. Ó wọ inú rẹ̀, ó ń lọ, kò já, ó sì jáde lódìkejì. Àwọn òṣìṣẹ́ pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dì mọ́ra wọn, ẹni Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ọ̀gá gbọ́ àtẹ́wọ́, ó ti ń fẹ́ tẹríba fún wọn bí ó ti máa ń ṣe, kó tó rí i pé kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ òun.

Ibùdó Àkúrẹ́ dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlíù ní yàtọ̀ sí ibi tí páànù dí, iṣẹ́ wọn bá ti Oǹdó mu láìyẹ̀, ọwọ́ tó wà níbẹ̀ sì pọ̀ tó láti máa bá a lọ. Wọ́n ti yàrá Oǹdó pa, wọ́n gbé ẹ̀rọ ibẹ̀ wá sí Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ẹni tó fi páànù dí ẹ̀rọ lójú kò gbọdọ̀ di kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ mú mọ́. Wọ́n fi Agnes Kìtán jẹ Alákòóso Àgbà. Wọ́n ní Ọ̀mọ̀wé Akínbọ̀wálé lè gba ilé lọ, tàbí kó dúró gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ lásán. Gbogbo ènìyàn mọ èyí tí yóò mú. Gbémiga ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi Agnes ní ẹsẹ̀ tí yóò máa kọ́kọ́ gbé jáde nínú mọ́tò. Agnes ní ọ̀kadà lòun ń wọ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá wá kó ẹrù rẹ̀, Agnes pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó kúnlẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Ọkùnrin náà dúró. Kò sí agbádá lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó kéré sí bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Ó gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kó má kí òun bẹ́ẹ̀, òun kò tíì ṣiṣẹ́ kankan níbẹ̀ rí. Bó bá lè gba òun láàyè, òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Agnes wò ó títí, ó wá ẹ̀tàn lójú rẹ̀, kò rí i. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Aago mẹ́jọ la máa ń bẹ̀rẹ̀, sà," ó ní.

Ọ̀mọ̀wé Akínbọ̀wálé ronú sí i. Ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ti àárọ̀ ni.